Ẹ má fojú kékeré wo igbákejì kóòṣì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àwọn igbákejì kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì ni mo gbé dé lónìí, pàápàá àwọn tó wà ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà, torí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mo bá sì dárúkọ iṣẹ́ yìí níbí ní Adó, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń gbé omi fáwọn ọmọ ni mò ń sọ.

Ẹ wo Bill Guthridge. Ọdún 1967 ló dé University of North Carolina láti máa ran Dean Smith, ọ̀gá kóòṣì wọn, lọ́wọ́, ọdún 30 gbáko ló sì fi ṣe é. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1982 nígbà tí Michael Jordan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn, ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na Georgetown 63 sí 62 nínú àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún gba ife lọ́dún 1993, ó sì bá Smith lọ sí Olympics Montreal lọ́dún 1976 tí Amẹ́ríkà fi gba góòlù. Orúkọ Smith làwọn èèyàn ń pè ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìgbà tí Smith fẹ̀yìntì lọ́dún 1997 ni wọ́n tó gbé tíìmù lé Guthridge lọ́wọ́, ó ti pé ọmọ 60 ọdún. Ọdún mẹ́ta péré ló ṣe, ó sì gbé wọn dé Final Four, ìyẹn tíìmù mẹ́rin tó kù kẹ́yìn nínú ìdíje yẹn, lẹ́ẹ̀mejì, 1998 àti 2000, ló bá fẹ̀yìntì. Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Fídíò ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń pín àwọn tíìmù tí wọ́n fẹ́ bá gbá láàárín ara wọn, ẹni tí tíìmù kan bá já lé lọ́wọ́ á wo géèmù wọn títí ojú ẹ̀ á fi pọ́n, á mọ ẹni tó máa ń yà sápá òsì, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn, ohun tí kóòṣì wọn máa ń pè tí àsìkò bá ti fẹ́ tán, á wá gé e sí kéékèèké, á dúró níwájú àwọn ọmọ, á ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún kan wíwá ọmọ kiri, láti jíìmù kan sí òmíràn, títí dé pálọ̀ àwọn òbí. Tẹ́lẹ̀, igbákejì mẹ́ta ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà fún tíìmù kan ní Division I, ìpele tó ga jù, ọdún 2023 ni wọ́n fi méjì kún un, àmọ́ nígbà yẹn, àwọn méjì tí wọ́n fi kún un ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde lọ wá ọmọ. Tí wọ́n bá sì lé ọ̀gá kóòṣì, ọ̀gá tuntun sábà máa ń kó èèyàn tiẹ̀ wá ni, igbákejì á tún di ẹrù, á kó ìyàwó àtọmọ lọ sí ìlú míì.

Ti pálọ̀ àwọn òbí yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí èmi náà ń ran kóòṣì lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n lọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ Èkìtì, ìwé la fi ń ṣe. Ìyá kan á ní "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ba WAEC ọmọ mi jẹ́," mi ò sì dá wọn lẹ́bi rárá. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Division I gbọ́dọ̀ ní kọ́ọ̀sì 16 tí NCAA fọwọ́ sí (sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan fún ọdún kan ni kọ́ọ̀sì kan), kí máàkì ẹ̀ nínú wọn sì tó 2.3 nínú 4.0 ó kéré tán, torí náà ọmọ tí ò kàwé ò lè dé'bẹ̀. Ibẹ̀ lojú wọn ti máa ń rọ̀.

Bàbá mi àgbà tó wà ní Ìjerò máa ń bi mí pé "Ìgbà wo nìwọ náà máa di ọ̀gá?" Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bi mí, mo mọ̀. Mo sọ ti Rena Wakama fún wọn. Igbákejì kóòṣì ni ọmọbìnrin yẹn ní Manhattan College kí wọ́n tó fi D'Tigress, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, lé e lọ́wọ́ lọ́dún 2023, lọ́dún yẹn náà ló gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ní Paris wọ́n na Australia, wọ́n na Canada, wọ́n dé kọ́tà fáínà, kò sí tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà kankan tó débẹ̀ rí ní Olympics, ọkùnrin o, obìnrin o, FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, sì fi í ṣe kóòṣì tó dáa jù nínú ìdíje àwọn obìnrin. Inú mi dùn débi pé mo pariwo lóru! Bàbá ní kí n fi àwòrán ẹ̀ han àwọn. Mo fi hàn wọ́n.

Mo ṣì fẹ́ máa ṣe igbákejì o, kò sí ohun tó ń lé mi. Ohun tí a nílò báyìí ni ẹni tó lè máa fi fóònù ká géèmù àwọn ọmọ wa sílẹ̀ láti òkè, kí n lè rí gbogbo kọ́ọ̀tù nígbà tí mo bá ń wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní EKSU tàbí FUOYE tẹ́ ẹ ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì rí, tẹ́ ẹ bá ráàyè nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ fèsì sísàlẹ̀ níbí, màá sọ ibi tẹ́ ẹ máa bá wa.