Ọtí kì í tí? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fẹ́ tọ́jú wáìnì ọdún ìbí àwọn ọmọ mi

Lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí wa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, orí fóònù ni bàbá mi ti wúre fún un láti Ìjẹ̀bú-Òde. A gbé fóònù náà kalẹ̀ láàárín oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare lórí tábìlì wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó kan ọtí, Bàbá gbé ohùn sókè: "Ọtí rèé o. Ọtí kì í tí. Ìwọ náà ò ní tí láyé." Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ọtí kì í tí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bó ṣe rí gan-an, ó sì ná mi lówó.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, ará Pọ́túgà, tí wọ́n bí lọ́dún 1977. Bàbá tirẹ̀ ra Port, wáìnì aládùn tó le ti ilẹ̀ wọn, ti ọdún yẹn pamọ́ dè é, 1977 sì wà lára àwọn ọdún tí àwọn tó mọ Port ṣì ń dárúkọ títí dòní. Ó ní ọjọ́ tóun pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún làwọn ṣí ìgò àkọ́kọ́, pé ńṣe ni bàbá òun sunkún. Mo ní èmi náà á ṣe é fún ọmọ mi. Kí ló le níbẹ̀? Kéèyàn ra wáìnì tí wọ́n kọ ọdún ìbí ọmọ sí lára, kó gbé e pamọ́, kó máa retí.

Ọ̀sẹ̀ ìkómọ náà gan-an ni mo wọ súpámákẹ́ẹ̀tì lọ, mò ń wá 2013. Mo yí gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ wò: 2011, 2012, 2012. Ọmọbìnrin tó ń to ọjà síbẹ̀ ló là mí lóye, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní Yúróòpù, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni wọ́n ń ká àjàrà. Èyí tí mò ń wá ṣì ń hó nínú àgbá lọ́wọ́. Wáìnì pupa Bordeaux ní Faransé máa ń tó ọdún méjì kó tó dé orí pẹpẹ. Ti Barolo ní Ítálì, òfin ò gbà kí wọ́n tà á kó tó pé oṣù 38. Port tí wọ́n ń pè ní Vintage, ó di ọdún kejì sí ìkẹta kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ra ìlédìí ọmọ ná. Owó wáìnì ṣì ráyè kóra jọ, ìgbà yẹn náà lẹ ó sì ti gbọ́ bí ọdún náà ṣe rí fún àwọn àgbẹ̀ àjàrà.

Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di 2016, mo rí Bordeaux pupa tí wọ́n kọ 2013 sí, pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni ìgò kan, mo kó mẹ́fà. Mo tò wọ́n ní ìnàró sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, nítorí pé ọwọ́ ọmọ ò lè tó ibẹ̀.

Ọdún yẹn náà la bí èkejì, ìyá ìyàwó mi sì wá bá wa wẹ ọmọ. Àlhájà ni wọ́n, wọn ò fi ọtí kan ẹnu rí. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbójú sókè.

"Bàbá Tóbi, kí lẹ tò sókè yẹn?"

"Wáìnì ni, Mà. Ti Tóbi ni. Ó di ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún."

"Astagfirullah! Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ ń kó ọtí pamọ́ dè?" Wọ́n mi orí títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n fọwọ́ kan ara kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Ooru ibí yìí mà pọ̀ o. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ta òróró, n ò jẹ́ gbé kèéègì òróró síbí."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tí ò mọ̀ bí wáìnì ṣe ń rí lẹ́nu fẹ́ kọ́ mi.

Lọ́dún 2019, nígbà tí Tóbi pé ọdún mẹ́fà, mo ní kí n tọ́ ọ̀kan wò. Bí mo ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé kọ́ọ̀kì náà ti yọrí díẹ̀ lẹ́nu ìgò, nǹkan pupa kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ sì ti ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀. Mo dà á sínú gíláàsì: àwọ̀ rẹ̀ ti di ti omi àgbo. Òórùn rẹ̀ dà bí àjàrà gbígbẹ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo fi kan ahọ́n, ó ti kan. Mo ṣí ìkejì, bákan náà. Ọtí ti tí. Mo da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú síńkì, n ò sì tíì sọ fún Àlhájà títí dòní.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀gbọ́n ẹmu ni ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹmu àárọ̀ dùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń le. Tó bá di ọ̀la, ó ti kan. Ohun tí ẹmu ń fi ọjọ́ kan ṣe, ọdún bíi mélòó kan ni wáìnì fi ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹmu de ọmọ. Èyí tó bá máa dé ogún ọdún gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò gbé e débẹ̀: ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn bá jẹ obì, tàbí kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ṣúgà tó pọ̀, tàbí ọtí líle tí wọ́n bù sí i. Èyí tó bá ní méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn lẹ lè fọkàn tán. Wáìnì tó ń yọ̀ lọ lọ́fun lónìí, tí gbogbo àlejò ń yìn, òun gan-an ló máa ń já èèyàn kulẹ̀ lọ́la.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ọdún. Ní Bordeaux lọ́dún 2013, ìgbà ìrúwé tutù, òjò sì pọ̀, òdòdó àjàrà ò di èso bó ṣe yẹ. Ìjì oníyìnyín já lu oko. Nígbà tí ìkórè dé, àjàrà ti ń jẹrà lórí igi, àwọn àgbẹ̀ ń sáré ká a kó tó pọ́n tán. Wáìnì pupa tó tinú rẹ̀ jáde fúyẹ́. Ó ṣeé mu, àmọ́ kì í ṣe ẹrù ogún ọdún, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ní Bordeaux yìí kan náà, níhà gúúsù, àgbègbè kan wà tó ń jẹ́ Sauternes. Odò kékeré kan, Ciron, tí omi rẹ̀ tutù, máa ń ṣàn wọ odò Garonne nítòsí ibẹ̀, ìkùukùu á sì bo oko láàárọ̀ nígbà ìwọ́wé. Ìkùukùu yìí ló ń mú olú tín-ín-tín kan, Botrytis, hù lára àjàrà. Á gún èèpo èso náà, oòrùn ọ̀sán á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, èyí tó kù á wá dùn bí oyin. Tẹ́ ẹ bá rí àjàrà náà lójú, ẹ ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án: á hunjọ, á hu irun eérú. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa padà wọ oko lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á máa ṣa èyí tó bá ti tó lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọ̀rinrin tó ba ti àwọn aládùúgbò wọn jẹ́ lọ́dún 2013, òun ló ṣe tiwọn lóore. Sauternes 2013 dára. Ọdún ọmọ mi ò burú rárá, èmi ni mo yà sí oko tí kò yẹ. Mo ra ìgò méjì.

Ti èkejì rọrùn. Ọdún 2016 ṣe dáadáa fún Bordeaux, fún Barolo, fún Port. Port ni mo mú, òun náà ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Àfonífojì odò Douro ní Pọ́túgà ló ti ń wá. Àwọn kan ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ àjàrà rẹ̀ nínú ọpọ́n òkúta ńlá. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́, tí ṣúgà rẹ̀ ò tíì tán, wọ́n á bu ọtí líle tí wọ́n fi àjàrà ṣe sí i, híhó náà á sì dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn, tó sì tún le tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Obì, ṣúgà, ọtí líle: ó pé.

Àwọn ilé Port ńlá kì í kéde Vintage, ìyẹn pé ọdún náà dára tó láti fi ṣe é, lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá ni. Wọ́n kéde 2016, wọ́n tún kéde 2017 tẹ̀ lé e, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Lọ́dún tí wọn ò bá kéde, bíi 2013, àwọn kan ṣì máa ń rọ ti oko kan ṣoṣo sígò, ẹ ó rí Quinta lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dẹjú díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ Late Bottled Vintage sí o. Ọdún wà lára òun náà, ṣùgbọ́n inú àgbá ló ti pẹ́, mímu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà fún, kì í ṣe ìpamọ́. Láyé àtijọ́, olówó Gẹ̀ẹ́sì lè ra odindi àgbá Port fún ọmọ tó bá ṣe bàbá ìsàmì fún, nǹkan bí ìgò 700. Èmi ra mẹ́ta, àpò mi sì mọ̀ ọ́n lára.

Ibi ìpamọ́ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Àlhájà ni. Wáìnì fẹ́ ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù ní ìwọ̀n bíi 12 tàbí 13 lórí Celsius, tí kò mì, kí wọ́n sì fi ìgò dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Fíríìjì oúnjẹ ò bá a mu, ó tutù jù, ó ń gbẹ nǹkan, ó sì ń gbọ̀n. Fúláàtì wa ò ní irú ibẹ̀, mo bá ń sanwó lọ́dọọdún fún ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọba fọwọ́ sí, níbi tí wọn kì í ti gba owó orí ọtí àti VAT àfi ọjọ́ téèyàn bá gbé e jáde. Ẹ rí i pé orúkọ tiyín ló wà lórí ìwé páálí náà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ bá rajà sọ fún mi pé "ó wà lọ́dọ̀ wa, ẹ má ṣèyọnu." Nígbà tí wọ́n kógbá sílé, oṣù méje ni mo fi ń kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbà pé tèmi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí iná ti lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gbé Bordeaux olówó ńlá sílé. Ẹ wá Madeira, wáìnì erékùṣù kan tó jẹ́ ti Pọ́túgà. Láyé àwọn ọkọ̀ ojú omi, wọ́n rí i pé àgbá wáìnì tó bá gba ilẹ̀ olóoru kọjá ń dùn sí i, àtìgbà náà ni wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ooru ṣe é. Àwọn àgbá tó dára jù máa ń wà lábẹ́ òrùlé tí oòrùn ń pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. NEPA ò lè rí i gbé ṣe. Kìkì pé èyí tí wọ́n ń pè ní Frasqueira gbọ́dọ̀ lo ogún ọdún nínú àgbá, ọmọ yín á ti jáde yunifásítì kó tó dé ọjà. Colheita ni kẹ́ ẹ béèrè, ọdún márùn-ún ti tó fún un.

Tọ́mọ yín bá jẹ́ ti 2012, ẹ má wá Château d'Yquem, Sauternes tó lókìkí jù, wọn ò ṣe é lọ́dún yẹn. Champagne 2012 dára púpọ̀. Ti 2021, òtútù jó ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé lóṣù kẹrin, ẹ yà sí Jámánì, kẹ́ ẹ wo wáìnì Riesling aládùn ti àgbègbè Mosel.

Tóbi ti pé méjìlá báyìí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Dádì, tí mi ò bá fẹ́ mu ún, ṣé mo lè tà á?" Mo ní ó lè tà á. Ìyá ìyá rẹ̀ á dunnú sí i.

Bàbá mi ò sí mọ́. Mo ti kọ ìwé pélébé kan sínú fáìlì tí ìwé-ẹ̀rí ìbí wọn wà, nítorí èmi náà lè máà sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Sauternes: gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí méjì, ife kékeré ni kí o fi mu ún. Port: gbé e nàró fún ọjọ́ méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè wálẹ̀. Yọ kọ́ọ̀kì náà pẹ̀lẹ́, á ti gbó. Rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì títí wàá fi rí dúdú lẹ́nu ìgò, kí o dúró níbẹ̀. Ife àkọ́kọ́, ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Bàbá Ìjẹ̀bú.