Ọdún tí mo fi jókòó sí gáréjì

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún kásẹ̀ nílẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ èyí lálẹ́ òní mi ò ní kọ ọ́ mọ́ nìyẹn, torí láti òwúrọ̀ ọ̀la títí di alẹ́ àìsùn àwọn oníbàárà ò ní jẹ́ kí n rí ìdí fi kanlẹ̀. Aránṣọ ni mí, Wàńdó ni àteliyé mi wà, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ bọ́nanẹ̀ (aṣọ ọdún tuntun) fún aránṣọ rí á mọ irú ariwo tí mò ń sọ.

Alẹ́ àìsùn tó kọjá, kí aago méjìlá tó lù, mo kọ nǹkan mẹ́sàn-án tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún mi sínú káyé (ìwé àjákọ) kan, mo gbàdúrà lé e lórí, mo tiẹ̀ ta òróró sí i lára (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín). Àná ni mo wá a jáde lábẹ́ àpótí aṣọ. Nínú mẹ́sàn-án, méjì ló ṣẹ. Ọ̀kan nínú méjèèjì náà ni páànù bálùwẹ̀ tí mo ní mo máa pààrọ̀.

Ìlera, mo dúpẹ́, ibà mú mi lẹ́ẹ̀mejì péré. Ọkọ wà, ọmọ wà, ilé ò jó. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Èyí tó wà lókè pátápátá nínú káyé yẹn, tí mo fi bíkì (bírò) pupa fàlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ni pé kí Olúwa mú mi dé ibi iṣẹ́ tí Ó torí ẹ̀ dá mi. Ọ̀rọ̀ ńlá. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọdún mi bá lọ.

Ṣé ẹ rí i, nínú Nòfẹ́ḿbà tó ṣáájú, wòlíì kan wá ṣe ìsọjí ládùúgbò wa, ó nawọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní òun rí mi níbi tí yìnyín ti ń bọ́, pé iṣẹ́ mi kì í ṣe ti ìlú yìí, pé òkè òkun ń dúró dè mí. Ẹ wo ẹni tó gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi odindi ọjọ́ gán bọ́tìnnì. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé Àjàṣẹ́ bí ẹni tó jókòó sí gáréjì tó ń dúró de mọ́tò, tó gbé báàgì lé itan, tí kò jẹ́ bá ẹnikẹ́ni tajà. Ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ wá láti Kétu pé kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ní rárá, mò ń rìnrìn àjò láìpẹ́. Ọmọ kejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Àwọn akọrin ní kí n rán aṣọ tuntun fáwọn, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì torí mi ò mọ ibi tí màá wà tó bá dọjọ́ náà. Owó àjọ tí mò ń dá, 500 fránkì lójoojúmọ́ fún bí oṣù mọ́kànlá, tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tó ń dí etí aṣọ, mo kó gbogbo ẹ̀ fún bàbá kan tó ní òun á bá mi ṣe ìwé ìrìnnà. 160,000 fránkì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ bàbá náà púpọ̀. Fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́, ká fi síbẹ̀.

Mi ò bú àsọtẹ́lẹ̀ o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ìpè lọ́dún yìí, títí kan àwọn ìwàásù tí mò ń gbọ́ lórí WhatsApp bí mo bá ń gé aṣọ, kò sí ẹnì kan tó bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ ẹ báyìí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ète Ọlọ́run bíi lẹ́tà tó sọnù sí pọ́ọ̀sìtì, tí èèyàn á máa lọ béèrè láràárọ̀.

Ìgbà tó di Ọ́gọ́ọ̀sì, Màmá alákàsà kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé látọjọ́ kìíní. Yorùbá, Nàgó bí àwọn míì ṣe ń pè é, ẹnu la fi ń sọ ọ́, wọn ò kọ́ wa bá a ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pàápàá, ɛ àti ɔ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ àti ọ inú Bíbélì. Nítorí náà, ọmọ Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ bá rí tó ń ka Bíbélì Yorùbá geerege, ẹnì kan ló jókòó tì í. Ẹni tó jókòó ti èmi ni Màmá alákàsà. Ọ̀sán Sátidé, tó bá ti tajà tán, lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, omorogùn tó fi ń ro àkàsà ló fi ń tọ́ka sí lẹ́tà. Bó o bá ka ọkọ̀ ní ọkọ́, á ní, "Ó dáa, ìwọ á gun ọkọ́ lọ sí Kútọnù nìyẹn." Mi ò rántí pé ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò sì rántí pé wọ́n pè é síwájú ìjọ rí láti kí i.

Ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀, pásítọ̀ ní kẹ́ni tó bá ní ẹ̀rí jáde wá. Mo rò pé èèyàn méjì mẹ́ta ni. Ìlà yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Oníkẹ̀kẹ́nọ̀ (ọlọ́kadà) kan tó ṣì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀ jáde, nọ́ọ̀sì kan jáde, ọkùnrin kan ti Pọ́bẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ó kọ́ mi níwèé. Ará Pọ́bẹ̀ yẹn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ṣí Ìṣe Àpọ́sítélì orí 9, ó ka ibi tí Tàbítà ti kú ní Jópà, tí àwọn opó yí Pétérù ká, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tó rán fún wọn hàn án. Aṣọ ni wọ́n gbé jáde, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọn ò gbé àsọtẹ́lẹ̀ kankan jáde.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ni, kò gún mi bíi ti ọjọ́ yẹn rí. Mo wá ń rò ó níbi tí mo jókòó sí pé bí èmi bá kú lọ́sẹ̀ yẹn, ta ló máa gbé aṣọ jáde? Àwọn tí mo ti gbowó wọn tí mi ò tíì rán aṣọ wọn ló máa kọ́kọ́ dé.

Alẹ́ ọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn, mo ń ka ìtàn Àjàyí Crowther tó gbé Bíbélì wa sí Yorùbá. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni, ọdún tó tẹ̀ lé e ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, ibẹ̀ ló ti kọ́ A B C. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọjọ́ tó kú wá ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: 31 Dìsẹ́ḿbà 1891, ọjọ́ àìsùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn mi ń bá lọ kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ́kọ́ fi lẹ́tà A han ọmọ ẹrú yẹn ni. Ṣé ó mọ̀ pé Màmá alákàsà kan ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́?

Oṣù yìí tún fi kún un. Mẹ́tọ́díìsì ni wá nílé wa, àmọ́ nínú Dìsẹ́ḿbà àwọn Sẹ̀lẹ́ (ọmọ ìjọ Celestial) ló ń bọ́ mi, nítorí àìsùn Kérésì tí wọ́n ń lọ ṣe létí òkun ní Sẹ̀mẹ̀. Sútánà 27 ni mo rán, funfun báláú, tí n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí epo ẹ̀rọ kàn. Ibi tí mo ti ń rán an ni mo ti ń ro ìtàn Oschoffa tó dá ìjọ wọn sílẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ nílùú yìí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ilé Mẹ́tọ́díìsì ló ti wá bíi tèmi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ní 1947, igi tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ló wá wọ igbó, kí ìrírí tó sọ pé òun ní níbẹ̀ tó dé bá a, nígbà tó fi máa di 29 Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún náà ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ní ìbéèrè tèmi nípa ìtàn náà, àwọn oníbàárà mi mọ̀, a máa ń jiyàn. Àmọ́ ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n bá a. Kò jókòó sí gáréjì.

Ọkùnrin inú Mátíù 25 tó bo tálẹ́ńtì kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Tèmi kì í ṣe ẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ìgbéraga ni. Ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ mi ń tì mí lójú, mò ń dúró kí wọ́n fi márùn-ún pààrọ̀ ẹ̀ fún mi.

Nínú Sẹ̀tẹ́ḿbà mo wọ mọ́tò lọ sí Kétu láti bẹ ìyá ọmọ àkọ́kọ́ yẹn. Ó gbà mí dáadáa, ó fún mi lómi mu, ó ní ọmọ náà ti lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó láti oṣù karùn-ún. Ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ jókòó nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, mi ò lè dìde fún bíi wákàtí kan. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ ohun tí màá fi ìyẹn ṣe. Ọmọ kejì ti rí ọ̀gá míì. Ìkẹta ló wá, ọmọ ọdún 16, olóríkunkun gbáà, ó máa ń gé aṣọ kó tó wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀ ní Sátidé báyìí. Ọmọ mẹ́rin la fi bẹ̀rẹ̀, ó ku méjì, bọ́ọ̀lù kó àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín o àti ọ. Omorogùn Màmá ò sí lọ́wọ́ mi, teepu ìwọnṣọ ni mo fi ń tọ́ka.

Mo ti ra káyé tuntun, 150 fránkì, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi ti sùn lọ lórí tábìlì, ó ní òun á parí gáàwùn pupa kan kóun tó sùn, kò parí ẹ̀, olówó aṣọ sì ń bọ̀ láago méje. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi síìpù sí i.