Irin Tàbí Fáíbà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Bọ́dì Ford 1932

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ to hot rod lónìí, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún tò kí ó lè máa sáré, pàápàá roadster (ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin) Ford ọdún 1932 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Deuce, yóò bá ìbéèrè kan pàdé kí ó tó ra ohunkóhun: ṣé bọ́dì tí wọ́n fi páànù irin ṣe ni yóò rà, àbí èyí tí wọ́n fi fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì tí a fi rẹ́síìnì (oje kẹ́míkà tí ń gan) lẹ̀ pọ̀, ṣe? Ojúlówó bọ́dì tí Ford ṣe nígbà náà ti di ọ̀wọ́n. Ọdún kan ṣoṣo ni ìrísí yẹn fi jáde, òun ló sì gbé ẹ́ńjìnnì V8, tí ó ní sílíńdà mẹ́jọ, dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California fi ń já ohun tí kò ṣe pàtàkì kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n ń fi í sáré lórí àwọn adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage. Nínú èyí tí ó ṣẹ́kù, ìpẹtà ti jẹ àwọn kan, owó àwọn ìyókù sì ti kọjá agbára òṣìṣẹ́.

Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Irin ni mo fi to tèmi, mo sì bá ọ̀rẹ́ mi kan to tirẹ̀, tí ó jẹ́ fáíbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé irin nìkan ni ọkọ̀ gidi. Ohun tí iṣẹ́ méjèèjì kọ́ mi ni pé inú bọ́dì ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Bọ́dì fáíbà tí wọ́n fi irin gbè dáadáa nínú sàn ju bọ́dì irin tí wọ́n fi ìkánjú jó pọ̀.

Fáíbà kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù ní ìpele-ìpele, wọn a sì fi rólà tẹ rẹ́síìnì wọ inú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán. Àwọn mìíràn ní ìbọn kan tí ó ń gé òwú gíláàsì, tí ó sì ń fọ́n ọn pọ̀ mọ́ rẹ́síìnì. Ọ̀nà kejì yìí yá, kò sì náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó di ìbọn náà mú kò bá já fáfá, ibì kan yóò nípọn, ibòmíràn yóò fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka kàn án káàkiri kí ẹ gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń yí padà, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tì í láàárín ilẹ̀kùn àti lẹ́yìn ìjókòó.

Ibi tí híńjì wà ló ṣe kókó jù lọ. Níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti kọ́kọ́ fẹ́ ra tirẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú, mo sì rọra gbé e sókè. Híńjì fúnra rẹ̀ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n òpó tí wọ́n dè é mọ́ bá a lọ, àlàfo tí ó wà lókè ilẹ̀kùn sì padé. Pátákó tín-ín-rín kan ni wọ́n fi rẹ́síìnì lẹ̀ mọ́ inú òpó náà. Olùtajà ní yóò dúró bí a bá ti dè é mọ́ ṣáásì, ìyẹn férémù irin tí ó gbé ọkọ̀ dúró. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì gba ibòmíràn lọ. Ohun tí ẹ ń wá ni páìpù irin onígun mẹ́rin tí ó ti ara òpó híńjì lọ sí ilẹ̀ ọkọ̀, tí ó sì gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá sí òpó kejì. Bí kò bá sí i, fáíbà yóò sán ní igun ilẹ̀kùn, kò sì sí pọ́tì tí yóò bo ojú sísán náà pẹ́.

Bí ẹ bá ti ra fáíbà, ẹ má ṣe kánjú kùn ún. Rẹ́síìnì ṣì máa ń gan sí i, ó sì ń sún kì díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn ṣe ń pa á. Bí ọ̀dà bá ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó gan tán, àpẹẹrẹ aṣọ gíláàsì yóò hàn lójú ọ̀dà náà, pàápàá bí ó bá jẹ́ dúdú. Ẹ de bọ́dì mọ́ ṣáásì, ẹ tún àlàfo ilẹ̀kùn ṣe, kí ẹ wá fi í sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó fi sánpépà kàn án. Eruku rẹ̀ a máa yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú.

Iná mànàmáná kì í gba inú fáíbà kọjá. Lára bọ́dì irin, iná ẹ̀yìn lè gba ara bọ́dì padà sí bátìrì. Lára fáíbà, iná kọ̀ọ̀kan, họ́ọ̀nù, àti ohun tí ń wọn epo nínú táǹkì ni a gbọ́dọ̀ fa wáyà tirẹ̀ padà sí ṣáásì. Bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́? Ẹ má dè é mọ́ fáíbà láé. Ṣáásì tàbí irin tí a jó mọ́ ọn ni ibùgbé rẹ̀.

Irin ní wàhálà tirẹ̀. Kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ní ìlú Brookville, ni ilé iṣẹ́ Brookville Roadster ti ń tẹ bọ́dì irin Deuce tuntun, èyí sì wà lára ohun tí ó mú mi yan irin. Ohun tí ó tún mú mi yàn án ni pé mo mọ irin jó. Páànù bọ́dì kò nípọn. Bí ẹ bá fa iná lé e lórí láìdúró, ooru yóò ká a kò. Ńṣe ni à ń tọ́ iná sí i díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí a ń jẹ́ kí ó tutù láàárín. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì Ohio nígbà òtútù sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù méjì ti lé ara wọn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy kun inú gbogbo rẹ̀, mo sì fọ́n òróró ìdáàbòbò sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé.

Ẹni tí kò mọ irin jó, tí kò sì fẹ́ kọ́ ọ, kí ó ra fáíbà lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, kí ó sì fi owó tí ó kù ra bíréèkì gidi. Ìmọ̀ràn tí mo fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, títí di òní mo ṣì rò pé ó tọ́. Irin wọ́n ju fáíbà lọ nígbà rírà, ó sì sábà máa ń pa owó rẹ̀ mọ́ jù ú lọ nígbà títà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹlòmíràn bá wa jó o, kí ó tún un tẹ́, owó iṣẹ́ lè gbé èrè yẹn mì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀. Ara ṣáásì ni Ford tẹ nọ́ńbà sí lọ́dún 1932, kì í ṣe ara bọ́dì. Bí ṣáásì àti bọ́dì bá jẹ́ tuntun, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ọdún tí yóò kọ sínú ìwé, nítorí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tí ń ṣe ìwé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Ní Ohio, àwọn ọlọ́pàá òpópónà ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ọkọ̀ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò wò, wọ́n sì ń béèrè rìsíìtì. Irin ni o, fáíbà ni o, ẹ tọ́jú ti bọ́dì, ti ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì sínú fáìlì kan láti ọjọ́ tí ẹ bá ti san owó àkọ́kọ́.