Ìwé Méje Lórí Ọ̀rọ̀ Kan: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Lálẹ́ àná, iná ti lọ, ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, mo sì ṣí fáìlì tí mo pè ní "ÀBÁ" lórí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ń kó àbá tí mo kọ fún ẹgbẹ́ àwa dókítà sí. Ìwé méje ló wà nínú rẹ̀: "àbá", "àbá tuntun", "àbá ìkẹyìn", "àbá ìkẹyìn gan-an", "èyí tí Ẹ̀gbọ́n tún ṣe", àti méjì mìíràn tí mi ò lè dárúkọ wọn níta. Ọdún mi nìyẹn. Ẹlòmíràn á ka ilé tó kọ́ tàbí ilẹ̀ tó rà. Èmi, ìwé méje lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní í kà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù. Mo sọ láísẹ́ńsì mi dọ̀tun lásìkò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti di dókítà. Nínú àwọn méjì tí a jọ ń pín iṣẹ́ òru, ọ̀kan ti lọ sí ìlú Ọba, èkejì wà ní Sáúdì, òru wọn sì ti di tèmi. Bàbá mi pé ọgọ́rin ọdún, a pa màlúù, mo ṣì ń san gbèsè màlúù náà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Bí ọwọ́ wa ò bá ká aláìsàn, a ó rán an gba Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin. Ní oṣù kejì, wọ́n gbé aboyún kan dé tí gìrì ti mú lẹ́ẹ̀mejì nílé. A fún un ní magnesium, oògùn tó ń dá irú gìrì tó ń bá ìfúnpá gíga rìn yìí dúró, gíráàmù mẹ́rin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù márùn-ún sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Mo kọ lẹ́tà, nọ́ọ̀sì kan bá wọn wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Mi ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo pe ọkọ rẹ̀ títí, kò wọlé. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan níbi tí wọ́n gbé e lọ, ó ní òun ti kúrò ní ẹ̀ka náà.

Oṣù kẹjọ ni mo bá ìyá ọkọ rẹ̀ pàdé lọ́jà níbi tí mo ti ń ná iṣu.

"Dókítà! Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́sí o. Ọmọ yín ti ń jókòó."

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbàgbé iṣu. "Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń lo oògùn ìfúnpá rẹ̀?"

"Oògùn wo? Ó ti tán láti oṣù kẹrin. Wọ́n ní kó padà wá, ṣùgbọ́n ẹ mọ owó ọkọ̀. Ara rẹ̀ sì ti le."

Mo bẹ màmá kí wọ́n mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170/110, ó ga jù. Ọ̀dọ̀ mi, níbi tó lè fẹsẹ̀ rìn dé, ni ì bá ti máa gba oògùn láti oṣù kẹta, ká ní ẹnì kan kọ ìlà méjì ránṣẹ́ sí mi pé ohun tí a ṣe fún un rèé, ohun tó kù kí ẹ ṣe rèé.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé nígbà yẹn, mo ti gbé àbá kan lọ sí ẹgbẹ́ nítorí obìnrin yìí gan-an, àbá náà sì ti kú.

Ẹni tí kò bá sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí àbá ṣe ń rí. Apá méjì ni. "Níwọ̀n bí" ni ibi tí o ti ń ro ẹjọ́ rẹ. "A pinnu pé" ni ibi tí o ti ń sọ ohun tí o fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe. Ní oṣù kẹta, pẹ̀lú ìbínú, mo kọ "níwọ̀n bí" mọ́kànlá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2001, nígbà tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, tí wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì làwọn á máa ná sórí ìlera. Mo fi Òfin Ìlera ti 2014 kún un, èyí tó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Mo ro ẹjọ́ ọ̀nà, mo ro ti ẹ̀jẹ̀, mo ro ti iná, mo ro ti àwọn tó ti sá lọ. Ó dùn ún kà! "A pinnu pé" wá jẹ́ ẹyọ kan péré: kí ìjọba fi ọwọ́ tó le mú ọ̀rọ̀ ìlera ìgbèríko.

Nígbà tí mo kà á tán nípàdé ní Ìlọrin, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì bọ́ awò ojú wọn.

"Àbúrò, mo gbọ́. Ta ni yóò ṣe é? Nígbà wo? Èló ni?"

Mi ò ní èsì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo bínú kọjá Gánmọ̀, mo bínú kọjá ARMTI, ilé ẹ̀kọ́ àbójútó iṣẹ́ àgbẹ̀, mo dúró ra wàrà lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ń fi ìbínú jẹ ẹ́. Lójú tèmi nígbà yẹn, àgbà tó kàn fẹ́ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ní Unilọrin ṣáájú mi, tó wà ní Amẹ́ríkà báyìí, ló la ojú mi. Ó ní ẹgbẹ́ dókítà tiwọn níbẹ̀, AMA, tó ti wà láti 1847, ń lo apá méjì yìí kan náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn aṣojú bá dìbò, "a pinnu pé" nìkan ló ń di ìlànà ẹgbẹ́. "Níwọ̀n bí" á bọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ìgbìmọ̀ kan á ti kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu àwọn tó fara mọ́ ọn àti àwọn tí kò fara mọ́ ọn, iye owó tí yóò ná ẹgbẹ́ á sì wà lára ìwé náà. Ó wá sọ fún mi lórí fóònù pé: "Fi ọwọ́ bo gbogbo níwọ̀n bí yẹn. Ka ìyókù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tí kò bá yé e, o ò tíì kọ nǹkan kan."

Mo kà á fún ọkọ mi, olùkọ́ ìṣirò ni. Ó ní, "Ìjọba wo?"

Mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà yẹn ni mo tún ṣí i, mo sì bi ara mi léèrè ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe láì dúró de gómìnà kankan. Àwa la ń rán aláìsàn, àwa náà la ń gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà mi ní Ìlọrin, a jọ lọ COBES ni, ètò tí Unilọrin fi ń kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní ìgbèríko kí a lè mọ ibi tí aláìsàn ti ń wá. A jọ pọn omi níbẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ìlà méjì sí mi?

Àbá tuntun ní "níwọ̀n bí" méjì. Ìyókù rèé: "A pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gba aláìsàn lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn gbọdọ̀ kọ èsì ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí aláìsàn náà bá ti lọ sílé, lórí fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ yóò tẹ̀." Mo lọ bá àwọn onítẹ̀wé ní òpópónà Táíwò, mo béèrè iye tí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ̀rún kan yóò jẹ́, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó tó wákàtí kan àtààbọ̀ tí a fi jà lórí "gbọdọ̀". Ẹnì kan ní gbọdọ̀ tí kò ní ìjìyà, ariwo lásán ni. Òmíràn ní ká kọ "kí wọ́n máa gbìyànjú". Mo ní tó bá di gbìyànjú, mo gba ìwé mi padà. Ibi "yóò" la parí rẹ̀ sí. Mo ṣì fẹ́ràn gbọdọ̀, ṣùgbọ́n yóò náà ń rìn. Obìnrin kan tó mọ òfin ju gbogbo wa lọ rán wa létí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023, ó ní àìsàn ẹni kì í ṣe ohun tí a ó máa fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni kó jẹ́. WhatsApp gan-an ló wà lọ́kàn mi. Mo gbà fún un. Wọ́n tún ní ká fi ilé ìwòsàn mẹ́ta dán an wò títí di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá awò ojú tún dìde. "Èló?"

Mo sọ iye. Wọ́n ní àwọn kín in lẹ́yìn, wọ́n sì jókòó.

Láti oṣù kẹwàá, mo ti rán aláìsàn mẹ́sàn-án lọ. Èsì mẹ́rin ló ti padà. Ọ̀kan kà báyìí: "Ó ti lọ sílé. A dúpẹ́." Kò wúlò fún nǹkan kan, mo sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ kí n mọ̀ pé àpẹ́ńdìsì ni ohun tí mo pè ní ibà lára ọmọ kan. Ojú tì mí, mo tún un kà. Ìkẹta kún rẹ́rẹ́, dókítà kékeré kan tí mi ò mọ̀ rí ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dára.

Èkẹrin dé lọ́jọ́ Ẹtì, lórí aboyún mìíràn tí gìrì mú. Ara rẹ̀ ti yá, ọmọ náà sì wà láàyè. Ẹni tó kọ ọ́ wá fi ìbéèrè kan sísàlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó lẹ fún un ní magnesium? Kò sí nínú lẹ́tà yín, a ò sì mọ ìgbà tó yẹ ká fún un ní èyí tó kàn."

Mo lọ wá a nínú ìwé wọ́ọ̀dù. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, lóru. Mi ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà rárá, èmi tí mo gbé àbá wá.

Iná ti dé. Mo ti ṣí ìwé kẹjọ fún ìpàdé oṣù kẹta. Àpótí kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún fọ́ọ̀mù náà, lápá òkè, lọ́wọ́ ọ̀tún: aago.