Kí N Tó Ti Aṣọ Yín Bọ Inú Aró

Kò sí oníbàárà tó gbé aṣọ wá bá mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí kì í sọ pé òwú gidi ni. Ẹni tó tà á fún wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Màá fa fọ́nrán méjì yọ létí aṣọ, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú, torí wọ́n lè fi òwú ṣe òòró kí wọ́n fi nǹkan mìíràn ṣe ìbú. Màá wá ṣáná sí wọn.

Òwú máa ń gbaná kíá, á rùn bí ìwé tó jóná, eérú rẹ̀ á sì kúnná lúbúlúbú. Irun àgùntàn àti sílíìkì kì í yára jó, òórùn irun jíjóná ni tiwọn, nítorí ara ẹranko àti kòkòrò ni wọ́n ti wá. Ẹbí yìí ni sányán wà, kòkòrò inú igbó ló ń pọ fọ́nrán rẹ̀. (Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà báyìí, òwú lásán tí wọ́n pa láwọ̀ ni. Ẹ ṣáná sí i, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀.) Polísítà ní tiẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Á sún kì, á rú èéfín dúdú, tó bá tutù, á di kókó líle tí èékánná ò lè fọ́. Inú epo rọ̀bì ló ti wá, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ike omi. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Whinfield àti Dickson, ló kọ́kọ́ ṣe é ní Ìlú Ọba ní 1941.

Ti àárín ló ń dààmú èèyàn: vískọ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ráyọ́ọ̀nù. Ara igi ló ti wá, ṣùgbọ́n kò sí igi tó so ó. Wọ́n á lọ igi, wọ́n á fi kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwa aláró náà ń lò, àti kẹ́míkà mìíràn yọ́ ọ títí á fi ki bí oyin. Wọ́n á wá fún un gba ojú ihò tíntìntín bọ́ sínú ásíìdì, ibẹ̀ ni yóò ti dì di fọ́nrán. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà mẹ́ta, Cross, Bevan àti Beadle, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní Ìlú Ọba ní 1892. Nítorí pé ohun tó wà nínú igi náà ló wà nínú òwú, iná ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: òórùn kan náà, eérú kan náà.

Itọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Màá fi ra àárín fọ́nrán, màá fà á. Òwú tó bá tutù a máa le sí i ni. Vískọ́ọ̀sì á já, ojú ibi tó tutù gan-an ni yóò sì ti já. Ó ń mu aró dáadáa o, kódà ó lè mu ún ju òwú lọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fún un bí ẹni fún gínì, ó máa ya.

Polísítà kì í mu aró wa. Kẹ́míkà tiẹ̀ yàtọ̀, ooru tó nílò sì tó ìwọ̀n 130 Celsius, ìkòkò tèmi ò lè débẹ̀. Èyí tí wọ́n po mọ́ òwú ló ń dá ìjà sílẹ̀: òwú inú rẹ̀ á mu, ìyókù á wà ní funfun, aṣọ á wá rẹ́súrẹ́sú, oníbàárà á ní aró ayédèrú ni mo lò. Nítorí náà, mo ti ń ṣáná lójú wọn báyìí. Bí wọ́n bá rí kókó dúdú náà tí wọ́n ṣì ní kí n pa á láró, màá pa á láró. Owó iṣẹ́ ò ní dín.