Àwọn Òpó Windsor: Ilé Olóko Òwú Tí Iná Jó ní Mississippi

Nítòsí ìlú Port Gibson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, òpó gàgàrà 23 ṣì dúró láàárín igi, láìsí òrùlé kankan lórí wọn. Ilé Windsor ni wọ́n ṣẹ́kù lára rẹ̀, èyí tí olóko òwú kan, Smith Coffee Daniell Kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1859, tí ó sì parí ní 1861, ọdún náà gan-an tí ọlọ́jọ́ dé bá a.

Bíríkì ni inú àwọn òpó náà, wọ́n rẹ́ ẹ lára kí ó lè dà bí òkúta, wọ́n sì fi irin dídà ṣe ọnà ewé tó wà lórí wọn. Àwọn ẹrú ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní tèmi, ẹni tó bá yin ẹwà ilé náà láìmẹ́nu kan ọwọ́ tó kọ́ ọ, àbọ̀ ìtàn ló sọ.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù bá ara wọn jà, kọjá, ilé kò wó. Iná ló jẹ ẹ́ run ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, 1890. Wọ́n ní sìgá ló fà á. Ohun tí a mọ̀ nípa ìrísí rẹ̀ wá láti inú àwòrán tí ọmọ ogun Àríwá kan, Henry Otis Dwight, fọwọ́ yà ní 1863.

Àtẹ̀gùn onírin ilé náà kan wà ní ilé ìjọsìn Oakland ní Yunifásítì Alcorn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1871 fún ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.