Owó Afẹ́fẹ́ láti Ningbo dé Ìtòkú

Ọjọ́ 43 ni máṣìnì ìránṣọ mi fi wà lórí omi. Mo kà á. Alaalẹ́ ni mo ń wo ọkọ̀ náà lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta: bó ṣe kúrò ní Ningbo ní Ṣáínà, tó gba ẹ̀gbẹ́ Síngápọ̀ bọ́ sí òkun Íńdíà, tó wá lọ yí ìdí Áfíríkà po kó tó máa gòkè bọ̀ l'Ékòó. Nígbà mìíràn á dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, torí àwọn ẹ̀rọ etíkun tó ń gba àmì rẹ̀ jìnnà sí i láàárín agbami. Ọmọ iṣẹ́ mi á ní, "Àǹtí, ṣé kò tíì rì?" Ẹnu ọmọ yìí!

Ẹrù mi ò tó nǹkan: máṣìnì ńlá 3, pẹ̀lú páálí síìpù àti bọ́tìnnì. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń dá gba kọ̀ǹténà. Àwa yòókù, ńṣe la ń da ẹrù pọ̀ sínú ẹyọ kan, gúrúpéèjì ni wọ́n ń pè é, kálukú á sì sanwó ibi tí tiẹ̀ gbà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyẹn. Bàálù ni mo ti fi kó ẹrù rí, kílò ni mo sì mọ̀. Àyè ni wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ omi. CBM ni orúkọ rẹ̀: ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga ní mítà, ẹ wá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra. Orí máṣìnì wúwo bí ọmọlọ, àmọ́ páálí rẹ̀ ò ju 0.7 × 0.3 × 0.6 lọ. 0.126 CBM péré. Tábìlì rẹ̀ ńkọ́? Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo ní kí wọ́n to ẹsẹ̀ mọ́ ọn lọ́hùn-ún, kí n má baà máa wá ẹni tó máa tò ó. 1.2 × 0.6 × 0.8, ó di 0.576. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo, mo sì sanwó rẹ̀. Kódà nígbà tí mo rí wọn l'Ápápá, orúkọ ẹlòmíràn wà lára páálí tí wọ́n tì bọ abẹ́ tábìlì mi. Òun náà sanwó àyè kan náà!

Ọkọ̀ dé, ẹrù ò jáde. Ẹnìkan nínú wa kó ohun tí kò kọ sínú ìwé, àwọn aṣọ́bodè bá ní kí wọ́n tú kọ̀ǹténà náà pátá. Ìwé kan ló bo gbogbo wa. Ọjọ́ 11 ló gbà wá, ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún kọ̀ǹténà ti tán, dẹ̀mọ́réèjì, ìyẹn owó ìdádúró kọ̀ǹténà, ń gorí ara wọn, a sì jọ pín in san. Mi ò tíì dárí ji onítọ̀hún, ẹni yòówù kó jẹ́.

Nígbà tí ajẹ́ńtì pè mí, mo wọ rélùwéè ní Láderin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Mo sọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, mo wọ dáńfó gba Ìjọ́ra. Tírélà dí wa lọ́nà, mo sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. "ABEUKOTA" ni ọmọ Ṣáínà kọ sára ẹrù mi. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Fáràgọ̀n kan ló kó wa bọ̀. Gbogbo kòtò Sàngó la wọ̀. Nígbà tá a dé Ewékorò, tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, tírélà sìmẹ́ńtì tún há wa mọ́. Ilẹ̀ ṣú ká tó rí Láfẹ́nwá. Ẹrù tó yí Áfíríkà po láìfara pa, ẹsẹ̀ tábìlì kan kán láàárín Ìfọ̀ sí Ìtórí.

Mo gbé e lọ bá bàbá káfíńtà wa ní Ṣàpọ́n. Ó fi ìka gbá a, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyá Ìbejì, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nìyí. Ẹ̀yin ló gbé e wá láti Ṣáínà?"

Mi ò dáhùn. Mo yọ fóònù, mo kọ̀wé sí ẹni tó ń bá mi rajà: lọ́tẹ̀ yìí, orí nìkan ni kó fi ránṣẹ́.